Ẹrẹ̀ Ìfọ̀nyìn àti Òjò Dídì Montréal

Láti Àjàṣẹ́ dé Ifangni, ọ̀nà kò jìn. Bí a bá ti gba Avrankou kọjá, oko ọ̀pẹ ni a ń rí lọ́tùn-ún lósì, àti àwọn tábìlì tí wọ́n to ìgò kpayo sí lẹ́bàá ọ̀nà. Ifangni ni ìwé ìjọba ń kọ. Ìfọ̀nyìn ni lẹ́nu àwọn àgbà. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa. Àwọn Faransé ń pè é ní terre de barre, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ni wọ́n ti yá ọ̀rọ̀ náà: barro, èyí tí í ṣe amọ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku rẹ̀ a máa wọ inú ìwé. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ rẹ̀ a máa bá bàtà wọ kíláàsì.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní oṣù karùn-ún ni a dé ilé-ẹ̀kọ́ tí a lọ bẹ̀ wò, òjò sì ti rọ̀ mọ́jú. Owó àwọn òbí ni wọ́n fi tẹ́ pavé sí àgbàlá rẹ̀, ohun tí àwọn ará Ìdí-Ìrókò, lódì kejì ibodè, ń pè ní íńtálọ́kì. Ẹrẹ̀ ti ṣàn láti òkè wá bo ìdajì rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, wọ́n ń ha á tagbáratagbára, ìró irin sì ń ta wá létí. Kí a má parọ́, inú wa dùn sí wọn. Nígbà tí wọ́n ha á tán, wọ́n da omi lé e, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.

Bíríkìlà tó tẹ́ pavé náà dé lọ́sàn-án. Kò kí ẹnikẹ́ni kú iṣẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ òkúta kan, òkúta náà sì mì. Ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, iyanrìn tó wà láàárín wọn dà?"

Sìmẹ́ńtì kọ́ ni ó so pavé mọ́ ara wọn. Orí iyanrìn ni wọ́n jókòó sí, iyanrìn tó wà nínú àlàfo wọn ló sì jẹ́ kí ọ̀kan máa ran èkejì lẹ́rù. Bí ọkọ́ bá ti ha á jáde, tí omi sì gbé èyí tó kù lọ, kálukú dá dúró nìyẹn. Omi òjò tó tẹ̀ lé e yóò wọ abẹ́ wọn, yóò kó ibùsùn wọn lọ, ilẹ̀ yóò sì rì. Lẹ́bàá gọ́tà, ó ti rì. Ọmọbìnrin kan tó ń múra BEPC ti kọsẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó sì ṣẹ́ lápá ọ̀tún.

Lálẹ́, a fi àwòrán àgbàlá náà ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ kan ní Montréal, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ kó òjò dídì kúrò níwájú ilé onílé. Ọmọ Québec ni ó dá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún: Arthur Sicard ṣe tirẹ̀ ní 1925, ìlú Outremont sì rà á ní 1927. A rò pé ọmọ wa yóò fi wá rẹ́rìn-ín. Kàkà bẹ́ẹ̀, ohùn gígùn ni ó fi ránṣẹ́ padà.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Pavé ń dààmú àwa náà níbí." Ó ní ẹ̀rọ òun ní bàtà méjì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún ẹnu rẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Bí a bá tú nọ́ọ̀tì wọn, tí a sì rẹ̀ wọ́n sílẹ̀, abẹ irin tó ń ha ilẹ̀ yóò gbéra díẹ̀, kò ní kan òkúta. Bàtà oníke ni òun ń lò lórí pavé, nítorí onírin a máa fá a. Díẹ̀ tó bá ṣẹ́kù sílẹ̀, ìgbálẹ̀ ni yóò gbá a. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà nínú ẹ̀rọ náà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó má lágbára: bí pavé tó ti yọrí bá há sí i lẹ́nu, irin náà ni yóò ṣẹ́, kí eyín inú ẹ̀rọ má baà fọ́. Ẹni tó bá fi bóòtù líle rọ́pò rẹ̀ yóò san owó gọbọi. Bí òtútù bá sì parí, ó yẹ kí a lo epo inú rẹ̀ gbẹ, torí epo tó bá pẹ́ nínú kabúrétọ̀ a máa di bí oje igi. Àwọn oní-zémidjan Igolo kò nílò ẹ̀kọ́ yẹn. Ohun tí kpayo búburú ń ṣe fún alùpùpù yé wọn.

A gbé ohùn náà fún bíríkìlà gbọ́. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ọmọ náà gbọ́n.

Nígbà tí a padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ti gé pákó gbọọrọ, ó kan ègé táyà alùpùpù mọ́ igun rẹ̀ méjèèjì, ó sì fi igi gígùn sí i bí èèkù ọkọ́. Orí táyà ni pákó náà ń rìn. Kò kan pavé. Wọ́n á jẹ́ kí ẹrẹ̀ gbẹ díẹ̀ kí wọ́n tó tì í, wọn kì í sì í da omi lé e mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ṣì ń ráhùn pé omi yá jù. Wọ́n la kòtò sókè àgbàlá láti darí ìṣàn omi. Wọ́n hú pavé ẹ̀bá gọ́tà, wọ́n tún ibùsùn rẹ̀ ṣe, wọ́n sì tò wọ́n padà. Àwọn ọmọ fẹ́ fi erùpẹ̀ pupa dí àlàfo, ó ṣe tán, ọ̀fẹ́ ni. Bíríkìlà kọ̀, ó ní koríko ni yóò hù níbẹ̀. Ọmọlanke iyanrìn mẹ́ta ni wọ́n rà.

Ọmọbìnrin tó ṣẹ́ lápá náà wà níbẹ̀, wọ́n ti di apá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì di ìgbálẹ̀ mú, ó ń gbá iyanrìn gbígbẹ sínú àlàfo. A bi í léèrè BEPC. Ó ní òun ti ń fi ọwọ́ òsì yẹn kọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni ó ṣì ń rí ojú ìwé kan kọ parí láàárín wákàtí kan.