Àpótí Sípánà Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀

Mẹkáníìkì ni bàbá mi, tísà ni èmi. Nígbà tí a pín ogún rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní kí a ta àwọn irin iṣẹ́ náà fún àwọn tí ń ra àjákù irin. Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Àwọn ènìyàn sì ń bi mí léèrè pé, "Tísà, kí ni ẹni tí ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé fẹ́ fi sípánà ṣe?" Ìdáhùn mi nìyí, ẹ̀yin òǹkàwé.

Ọkọ̀ Bedford àti Morris tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ni bàbá mi olóògbé fi kọ́ṣẹ́. Íǹṣì ni wọ́n fi ń wọn nọ́ọ̀tì wọn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni sípánà rẹ̀. Mìlímítà ni ti àwọn ọkọ̀ Jàpáànì tí ó kún ojú títì lónìí. Ìyàtọ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n ó tó í ba iṣẹ́ jẹ́. Sípánà 1/2 íǹṣì jẹ́ mìlímítà 12.7; kò lè wọ nọ́ọ̀tì 13. Ti 9/16 yóò wọ 14, ṣùgbọ́n yóò máa mì lórí rẹ̀, yóò sì jẹ etí nọ́ọ̀tì náà títí yóò fi rí rìbìtì. Ti 3/4 ni ó bá 19 mu rẹ́gí.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tí ń fi ẹ̀rọ Lister àtijọ́ lọ ata. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ náà ti wá. Ìyá fẹ́ kí a tú orí rẹ̀ fọ̀, ṣùgbọ́n sípánà àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó pè ń yọ̀ ṣáá. Bí ẹ̀rọ kò bá lọ ata, kò sí owó iléèwé ọmọ. Mo gbé àpótí mi lọ. Lẹ́tà W wà lára àwọn sípánà kan níbẹ̀. Whitworth ni W náà dúró fún, orúkọ Joseph Whitworth, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé ètò bóòtù kalẹ̀ ní ọdún 1841. Nọ́ńbà irú sípánà bẹ́ẹ̀ kì í sọ bí nọ́ọ̀tì ti fẹ̀ tó. Sísanra bóòtù ni ó ń sọ. Bàbá mi ni ó kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Sípánà wọlé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe iṣẹ́ wọn, ẹ̀rọ sì dún kí ilẹ̀ tó ṣú.

Níléèwé ńkọ́? A fi wọ́n ń di ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, a fi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ní àkókò ìṣirò, mo máa ń kó 3/8, 7/16, 1/2 àti 9/16 sórí tábìlì, kí àwọn ọmọ tò wọ́n láti orí èyí tí ó kéré jù. Ọmọ tí ó rò pé 7/16 ju 1/2 lọ, nítorí pé 7 ju 1 lọ, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí òtítọ́.

Ẹ̀yin tí irú irin bẹ́ẹ̀ wà nílé yín, ẹ má jẹ́ kí ìpáàrà jẹ wọ́n. Ẹ rẹ wọ́n sínú kẹrosíìnì níbi tí iná kò sí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ wọ́n, ẹ nù wọ́n gbẹ, kí ẹ sì fi ọ́ìlì díẹ̀ pa wọ́n lára. Bí òbí tí ó ni wọ́n bá ṣì wà láàyè, ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, nítorí ìmọ̀ yẹn kò sí nínú àpótí. Ohun tí a ní là á náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èpo igi.