Sípíkà Gíga Nínú Ìlú Tó Ń Dákẹ́: Ẹ̀kọ́ Láti Accra

Lọ́dọọdún, láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà, ìlú Accra ní orílẹ̀-èdè Ghana máa ń dákẹ́ fún nǹkan bí 30 ọjọ́. Ọkọ̀ ṣì ń fun fèrè, wọ́n ṣì ń nájà, ṣùgbọ́n ìlù á dákẹ́. Àwọn Gá tí wọ́n ni ilẹ̀ Accra gbà pé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ sinmi kí ọdún Homowo tó dé. Àwọn àwòrò wọn á gbin ọkà, wọ́n á sì fòfin de ìlù àti ariwo kí ọkà náà lè hù ní ìtura. Àwọn aláṣẹ ìlú náà máa ń kéde rẹ̀ fún tonílé tàlejò: kí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí jọ́sìn nínú ọgbà wọn, kí ohùn wọn rẹlẹ̀, kí wọ́n má sì gbé sípíkà síta.

Òfin yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ní 1998 àti àwọn ọdún mélòó kan tó tẹ̀ lé e, ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ kan àti àwọn ìjọ kan tó ń lùlù lásìkò tí wọ́n ní kí ìlù dákẹ́. Àwọn olórí ìlú, ìjọba àti àwọn olórí ẹ̀sìn ní láti jókòó sọ ọ́ kí àlàáfíà tó padà.

Nítorí náà, bí ìdílé Yorùbá kan bá ń gbé Accra, tí wọ́n sì fẹ́ ra sípíkà méjì sí pálọ̀, irú èyí tó ń dá dúró nílẹ̀ láìsí tábìlì, tó sì ga dé àyà àgbàlagbà, ìbéèrè wo ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè? Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń bèèrè bí ohùn rẹ̀ ṣe lè lọ sókè tó. Accra kọ́ wa láti bèèrè bó ṣe ń dún nígbà tí a bá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ìbéèrè yìí rajà, ì báà jẹ́ Kánò ló ń gbé tàbí Cotonou, yóò jẹ̀gbádùn ohun tó rà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Orin tó ń lọ, tó ń bọ̀

Àjọṣe àwa àti Accra ti pẹ́. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Accra New Town lónìí, Lagos Town ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn ará wa tó tẹ̀dó síbẹ̀. Wọ́n ṣòwò, wọ́n bímọ, títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló di ẹrù padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Èjìgbò. Nígbà tó yá, àwọn kan tún padà lọ.

Orin náà ń rìn lójú ọ̀nà kan náà. E. T. Mensah, ọmọ Accra tí wọ́n bí ní 1919, tí wọ́n ń pè ní ọba highlife, kó ẹgbẹ́ Tempos rẹ̀ wá sí Èkó ní àwọn ọdún 1950, àwọn olórin wa sì kọ́ ọgbọ́n lára wọn. Òun àti Victor Ọláìyá jọ ṣe àwo orin kan pọ̀ lẹ́yìn náà. Láyé ìgbà yẹn, rédíógíráàmù ni ẹ̀rọ orin inú pálọ̀: àpótí igi ńlá tó ní ẹsẹ̀, tí rédíò àti ẹ̀rọ tó ń yí àwo jọ wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà tó ti gbọ́ ọ rántí bí ohùn jìtá bàsì ṣe ń kún yàrá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní láti pariwo kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn. Ohun tí sípíkà gíga tó dára lè fún ilé wa lónìí náà nìyẹn.

Ní Opera Square

Àárín gbùngbùn Accra ni Opera Square wà, àwọn tó ń ta ẹ̀rọ orin, tẹlifíṣọ̀n àti wáyà sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ó rí tuntun, ẹ ó sì rí tòkunbọ̀ tó gba èbúté Tema wọlé láti Yúróòpù. "Home used" ni àwọn ará Ghana ń pè é. Tòkunbọ̀ tó dára lè sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ó wò.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí aṣọ iwájú rẹ̀. Ẹ ó rí òrùka rírọ̀ tó yí ojú sípíkà ká. Bó bá jẹ́ fóòmù ni wọ́n fi ṣe òrùka náà, ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa á jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá sí ogún, á máa rún bí búrẹ́dì gbígbẹ. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ fóòmù nìkan ló ti jẹ, àwọn oníṣẹ́ lè pààrọ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹ lè fi ja iye owó wálẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kan ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀ bí ìgbà tí ẹ ń kanlẹ̀kùn. Bó bá dún kó-kó bí agolo òfìfo, pákó rẹ̀ fẹ́lẹ́, á sì máa gbọ̀n pẹ̀lú orin. Ẹ wo ibi tí wáyà ń wọ̀ lẹ́yìn: etí òkun ni Accra wà, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ sì máa ń dípẹtà sí irin. Ẹ béèrè bóyá ẹnì kan wà tó lè tún un ṣe nítòsí. Ìdí nìyí: ẹ̀rọ tí a kò lè tún ṣe, ilẹ̀ ẹ̀rọ àkúfọ́ ló ń lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Agbogbloshie ni irú rẹ̀ ń lọ ní Accra, títí ìjọba fi kó àwọn tó ń tú ẹ̀rọ kúrò níbẹ̀ ní 2021.

Ọ̀rọ̀ wá kan gbígbọ́. Ẹni tó ń tajà á fẹ́ tan orin sókè pátápátá, kí ilẹ̀ máa mì. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ẹ̀yin àti òun á fi lè sọ̀rọ̀ láìpariwo. Ẹ fi orin tí ẹ mọ̀ dunjú, tó wà nínú fóònù yín, dán an wò. Ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ ohun tí gángan ń sọ? Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu olórin yé yín? Ṣé jìtá bàsì ṣì wà, àbí ó ti sá lọ? Bí gbogbo wọn bá wà, ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá.

Nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ kà

Ẹ má ṣe jẹ́ kí PMPO dẹ́rù bà yín. Nọ́ńbà ńláńlá tí wọ́n máa ń kọ síwájú rẹ̀ kò tẹ̀ lé ìlànà kan pàtó. RMS ni kí ẹ wò. Òun ló ń sọ agbára tí ẹ̀rọ lè gbé láìdúró.

Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ló tẹ̀ lé e. Ó ń sọ bí sípíkà ṣe ń dún tó bí a bá fún un ní wọ́ọ̀tì kan péré, tí a sì dúró ní mítà kan sí i. Sípíkà tó ní 90 á dún bákan náà pẹ̀lú èyí tó ní 87, ṣùgbọ́n ìdajì iná lásán ni yóò lò. Ọ̀rọ̀ ńlá lèyí jẹ́ níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀. Àwọn ará Ghana ń pe tiwọn ní dumsor, ìyẹn "pa á, tan án." Ẹni tó ń fi ínfátà tàbí iná oòrùn gbọ́ orin mọ iyì wọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ tún wo óòmù rẹ̀. 8 rọrùn fún ọ̀pọ̀ ańpilifáyà. 4 máa ń fa iná jù, ó sì lè mú kí ańpilifáyà kékeré gbóná.

Bí ohùn bá rẹlẹ̀, bàsì ni etí ènìyàn kọ́kọ́ máa ń pàdánù. Fletcher àti Munson fi èyí hàn ní Amẹ́ríkà ní 1933. Ìdí nìyẹn tí àwọn ańpilifáyà àtijọ́ fi ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ "loudness" sí, láti dá bàsì padà nígbà tí orin bá rẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn náà tí sípíkà gíga fi wúlò: àpótí rẹ̀ tóbi, ó sì lè mú bàsì jáde láìjẹ́ pé a ní láti yí ohùn sókè.

Nínú pálọ̀

Ẹ má fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Ẹ jẹ́ kó jìnnà tó 30 sí 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹ má sì tì í sí kọ́nà, nítorí kọ́nà máa ń mú kí bàsì wú, kó sì bo ohùn olórin mọ́lẹ̀. Kí àyè tó wà láàárín sípíkà méjèèjì tó iye tó wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn àti àga tí ẹ ń jókòó sí. Sípíkà kékeré tó ń mú ohùn tín-ínrín jáde yẹ kó ṣe déédéé etí ẹni tó jókòó.

Ilẹ̀ táìlì àti ògiri gbalasa máa ń dá ohùn padà. Kápẹ́ẹ̀tì kan níwájú sípíkà, kọ́tíìnì tó nípọn àti pákó ìkówèésí á ṣe ju ẹ̀rọ olówó ńlá lọ. Bí fèrèsé yín bá jẹ́ lúfà, ẹ tẹ́tí: gíláàsì tó bá tú díẹ̀ á máa jó sí gbogbo bàsì. Ẹ fún un.

Bí ọmọdé bá wà nílé, ẹ fi okùn líle so ẹ̀yìn sípíkà mọ́ ògiri. Ọ̀kan lè wúwo ju kílò 20 lọ, ọmọ tó ń kọ́ ìrìn sì máa ń di ohun gbogbo mú. Ẹ dá aṣọ iwájú rẹ̀ padà, kí ìka má ba ojú sípíkà jẹ́. Ẹ rántí etí wọn náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá pé kí ohun tí àgbàlagbà ń fi ẹ̀rọ gbọ́ má ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 lọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Fún ọmọdé, 75 ni.

Ẹni tó wà lódì kejì ògiri

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Accra ló ń gbé agboolé tí ìdílé púpọ̀ ti pín ògiri, bíi tiwa nílé. Bílọ́ọ̀kù lè dá ohùn tín-ínrín dúró, ṣùgbọ́n bàsì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Rọ́bà tó nípọn lábẹ́ sípíkà á dín in kù. Kí ẹ gbé e kúrò lára ògiri aládùúgbò á tún dín in kù. Ṣùgbọ́n kò sí rọ́bà tó dà bíi kí ẹ lọ kan ilẹ̀kùn wọn, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n ń gbọ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó.

Bí ẹ bá ń lọ kí ará ní Accra láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé yín ọjọ́ tí ìdákẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀. Ọjọ́ Ga Mashie, Osu, La, Teshie, Nungua àti Tema kì í bára mu. Bí ẹ bá fẹ́ sọmọ lórúkọ tàbí ṣe ìnáwó lóde, ẹ yẹ ọjọ́ náà. Nígbà tí àkókò bá pé, wọ́n á ṣe Odadao, wọ́n á lu ìlù láti fi tú òfin náà. Lẹ́yìn náà ni Homowo, ọdún tí wọ́n fi ń fi ebi ṣẹ̀sín, tí wọ́n ń fi àgbàdo se kpokpoi, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹyìn. Bí wọ́n bá bu tiyín wá, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ sì lè yí ohùn sípíkà yín sókè díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo àdúgbò ló ń jó.