Kíka Ọjọ́ Ọdún fún Arìnrìn-àjò Afẹ́

Ọ̀rọ̀ ọdún ìbílẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò sílẹ̀. A máa ń kọ́ ọ ní kíláàsì pé òrìṣà báyìí ni ó ni ọdún báyìí, pé àwọn lágbájá ni àwòrò rẹ̀, pé ohun báyìí ni a fi ń bọ ọ́. Ohun tí a kì í sábà kọ́ ni bí a ṣe ń mọ ọjọ́ tí ọdún yóò bọ́ sí. Iṣẹ́ kan tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù gbé lé mi lọ́wọ́ ni ó sọ mí di ẹni tí ń wá ìdí ọ̀rọ̀ náà kiri.

Ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ márùn-ún fẹ́ wá wo ọdún ní ilẹ̀ Yorùbá. Kì í ṣe ọdún kan ṣoṣo. Wọ́n fẹ́ máa wá, kí wọ́n máa lọ, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín oṣù méjìlá. Ìrìnàjò afẹ́ ni wọ́n ń fẹ́: ọkọ̀ tí inú rẹ̀ tutù, ilé ìtura tí iná kì í kú níbẹ̀, àti ẹni tí yóò máa ṣàlàyé ohun tí ojú wọn bá rí. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà. Wọ́n sùn nínú àgọ́ olówó ńlá nígbà ọjà ràkúnmí ní Pushkar, wọ́n sì dé Udaipur, níbi tí ààfin kan láàárín adágún ti di ilé ìtura. Ẹ̀gbọ́n mi wí fún mi lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ pé, "Tíṣà, ní Íńdíà, a ti mọ gbogbo ọjọ́ kí a tó ra ìwé ọkọ̀ òfuurufú. Ìwọ náà, fún mi ní ọjọ́."

Mo kọ́kọ́ rò pé òṣùpá ni ó fa ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n òṣùpá náà ni àwọn ará Íńdíà ń wò. Òru tí òṣùpá kò yọ ni wọ́n ń tan àtùpà Diwali. Ní ọdún 2023, ó bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù Bélú, ní ọdún 2025, ó bọ́ sí ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀wàrà. Àwọn onímọ̀ wọn a máa ṣírò rẹ̀ sínú ìwé kí ọdún náà tó wọlé, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìwé ìṣírò náà lọ́wọ́ yóò sì mọ̀ ọ́n. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ọba, àwòrò àti Ifá ni wọ́n ní ọjọ́ lọ́wọ́, a ó sì gbọ́ nígbà tí wọ́n bá kéde. Ẹ jẹ́ kí a má gbàgbé pé ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè wa fi ń pe oṣù méjìlá àti àjọ̀dún: ọdún. Ìgbà tí a bá ṣe ọdún ni ọdún yípo.

Mo mú ìwé ìdárayá kan, mo pín in sí oṣù méjìlá, mo sì bẹ̀rẹ̀. Oṣù Ṣẹẹrẹ kò ni mí lára. Ọjọ́ 10 oṣù náà ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kọ́kọ́ fi sílẹ̀ fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀, láti ọdún 2024 ni wọ́n sì ti sọ ayẹyẹ náà di ọlọ́jọ́ púpọ̀ ní Ouidah. Kàlẹ́ńdà Òyìnbó ni wọ́n so ó mọ́, àlejò sì lè ra ìwé ọkọ̀ rẹ̀ láti èṣín. Òkèbàdàn ń bọ́ sí nǹkan bí oṣù Ẹrẹnà. Ní ọjọ́ náà, a kì í dáná ní Ìbàdàn; mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé kí àwọn àlejò mi má retí oúnjẹ gbígbóná. Àgbà kan tí mo ka èyí fún rẹ́rìn-ín títí.

Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ó kọ́ mi ní ìṣírò gidi. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, nítorí náà òṣùpá àwọn Mùsùlùmí ni ó ń tẹ̀lé, ó sì ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún. Ní ọdún 2024, ọjọ́ 18 oṣù Òkúdù ni. Ní ọdún 2025, ó di ọjọ́ 8 oṣù kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Balógun àti àwọn régbérégbé nínú aṣọ wọn kò gbọdọ̀ fi ti èṣín ṣírò ti ọdún yìí. Agẹmọ Ìjẹ̀bú pẹ̀lú wà nítòsí ibẹ̀, òun ni a tilẹ̀ fi sọ oṣù keje lórúkọ, ṣùgbọ́n obìnrin kì í wo Agẹmọ lójú ọ̀nà, obìnrin sì ni mẹ́rin nínú àwọn àlejò mi. Mo fi ìlà pa á rẹ́. Ní ti Ẹ̀yọ̀ ìlú Èkó, kì í ṣe ohun ọdọọdún rárá. Ó jáde ní ọjọ́ 20 oṣù Èbìbì ọdún 2017, a kò sì tún rí i títí di ìparí ọdún 2025. Ta ni yóò ra ìwé ọkọ̀ de irú èyí?

Igogo ìlú Ọ̀wọ̀ gba ọjọ́ 17 nínú oṣù Ọwẹ́wẹ̀. Ọlọ́wọ̀ a dira bí obìnrin nítorí Orònṣẹn, agogo ni a ń lù dípò ìlù, ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo iye ọjọ́ náà dáadáa. Ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. Bí a bá ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí a sì ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọjọ́ ìparí gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń ṣe, ìtàdógún ni yóò fún wa, iye ọjọ́ tí àwọn onísúúsú àtijọ́ fi ń pàdé. Ọlọ́jọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ sábà máa ń tẹ̀lé e, ní ìparí oṣù Ọwẹ́wẹ̀ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wàrà. Ọ̀ọ̀ni yóò ti wọ ìpèbí fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí ó tó dé adé Ààrẹ jáde lọ sí Òkè Mògún.

Ṣùgbọ́n Òṣogbo ni ọkàn mi wà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọdún Ọ̀ṣun ń gbà nínú oṣù Ògún. Ìwọ́pópó ni a fi ń ṣí i, kí ọ̀nà lè mọ́. Lẹ́yìn náà ni òru àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìboríadé, tí a ń kó adé àwọn Àtáọ́ja tí ó ti wàjà jọ. Ọjọ́ Ẹtì ìkẹyìn ni Arugbá ń ru igbá lọ sí ojúbọ nínú igbó tí àjọ UNESCO fi sí àkójọ ohun ìní gbogbo ayé ní ọdún 2005, igbó tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ṣe kí ó tó kú ní ọdún 2009. Ọjọ́ ìkẹyìn yìí nìkan ni àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń fẹ́. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá rí òru àtùpà, etí ọdún ni ó rí. Mo sì kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n má mu omi odò náà, nítorí àwọn awagóòlù ti da odò Ọ̀ṣun rú láti òkè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ yìí ni mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Ìkirè pé ta ni ó ti rí Arugbá rí. Méjìlélógójì ni wọ́n. Ọwọ́ mẹ́ta ni ó nà sókè. Láti ọ̀dọ̀ wa, a ó gba Gbọ̀ngán kọjá sí Òdè-Òmu, a ó sì dé Òṣogbo kí oòrùn tó mú. Owó ọkọ̀ ni kò sí. Àròkọ tí wọ́n kọ fún mi lórí ọdún Ọ̀ṣun bára mu bí ìbejì, nítorí inú ìwé kan náà ni gbogbo wọn ti kọ́ ọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó kọ ìbéèrè sí ìsàlẹ̀ tirẹ̀: "Sà, ṣé ẹ̀rù kì í ba Arugbá ni?" Kò sí ìwé tí mo ní tí ó dáhùn ìyẹn.

Mo wí fún ẹ̀gbọ́n mi pé n kò gba owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ó fún mi ní àyè mẹ́ta nínú ọkọ̀ náà ní ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan, fún akẹ́kọ̀ọ́. Ó dákẹ́. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun sanwó kí ara lè tù wọ́n ni. Mo dá a lóhùn pé mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kọ nípa ọdún náà lọ́la kò gbọdọ̀ máa wò ó láti inú ìwé títí láé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó fún mi ní àyè méjì, fún Òṣogbo nìkan. Ó béèrè bóyá mo lè bá òun bẹ ààfin kí wọ́n kéde ọjọ́ ní èṣín. Mo kọ̀. Bí ààfin bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọjọ́ sí ibi tí ọkọ̀ òfuurufú ti pọ̀, àlejò ni yóò máa kéde ọdún fún onílé.

Mo ti fi ìwé náà ránṣẹ́. Orúkọ ọmọbìnrin náà wà nínú àwọn méjì tí yóò bá wa lọ. Mo lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí ó ń ta dòdò Ìkirè ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ó di dòdò lé mi lọ́wọ́, kò gba owó, ó sì béèrè pé ọjọ́ wo ni. Mo ní wọn kò tíì kéde. Ó ní kò burú, òun yóò máa tẹ́tí sí rédíò.