Owó Ra Bàálù, Kò Ra Àkísà

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ ara mi ni mo fẹ́ sọ lónìí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tó bu iyì kún mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa á mọ́ra, ó lè pa ẹlòmíràn.

Máfolúkù ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nítòsí pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Bí bàálù bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé wa, gbogbo àwa ọmọdé a ya síta, a ó máa júwọ́ sí i, a ó máa rán an níṣẹ́ sí ìlú òyìnbó. Ìyá mi a pariwo pé, "Ẹ wọlé, kó má já lù yín!" Láti ìgbà náà ni mo ti búra pé n óò wa bàálù kí n tó kú.

Houston, ní Amẹ́ríkà, ni àdúrà náà ti gbà. Apòògùn ni mí níbẹ̀. Nígbà tí owó dé díẹ̀, mo lọ kọ́ ọ. Òfin wọn ni pé kí ènìyàn fò fún wákàtí 40, ó kéré tán, kó tó gba láísẹ́ǹsì. Èmi lo 63. Cessna 172 ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ọkọ̀ jẹ́jẹ́ ni. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 180, eré rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi máìlì 140 ní wákàtí kan. Bí o bá ṣe àṣìṣe, yóò dúró dè ọ́ kí o tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n ojú mi ti wà lára òmíràn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì dáwó jọ, a ra Cirrus SR22 àlòkù. Ẹṣin 310! Eré rẹ̀ ju máìlì 200 lọ. Ó tún ní páráṣúùtù: ọwọ́ kan wà lókè orí awakọ̀, bí o bá fà á, agbòòrùn ńlá á ṣí, á rọra gbé bàálù àtèrò inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Èyí ò lè pa èèyàn." Ẹ gbọ́ ẹnu mi!

Ní Amẹ́ríkà, bí agbára ẹ́ńjìnnì bá ti ju ẹṣin 200 lọ, láísẹ́ǹsì nìkan ò tó. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kó sì fọwọ́ sí ìwé rẹ. Ìyá àgbà òyìnbó kan ni mo rí, ẹni ọdún 71. Mo ń pè é ní "Mà". Ó ní kí n máa pe orúkọ òun, ẹnu mi kò gbà á. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin péré, mo ní, "Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i. Ọmọbìnrin mi ń gboyè ní Dallas lọ́jọ́ Sátidé, mo fẹ́ fi bàálù gbé ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ lọ."

Ó wò mí. Ó ní, "Jẹ́ ká fò ná."

A gòkè dé ẹsẹ̀ bàtà 6,000. Ó ní kí n dijú, kí n máa wa ọkọ̀ lọ tààrà. Mo dijú. Ara mi balẹ̀, mo ní, "Mà, a ń lọ geere." Nígbà tó yá, ariwo afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Mo rò pé imú ọkọ̀ ló tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, mo fà á sókè. Ni ara mi bá wúwo lórí àga bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ó ní, "Lajú."

Ẹ̀yin ènìyàn mi! Apá òsì bàálù ti kọjú sílẹ̀, aago tó ń ka gíga ń sáré padà sẹ́yìn, a sì ti ń yí po bí ewé tó já. Fífà tí mo ń fà á gan-an ló ń mú ìyípo náà le sí i. Ìyá àgbà gbà á lọ́wọ́ mi, ó kọ́kọ́ tún apá ọkọ̀ ṣe, lẹ́yìn náà ló tó gbé imú rẹ̀ sókè. Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tí mo dijú.

Nígbà tí a balẹ̀, ó ṣàlàyé. Omi kan wà nínú ihò etí tó ń sọ fún wa bóyá a dúró tàbí a ń yí. Ẹ rántí bí a ti máa ń yí pòòyì lọ́mọdé títí òòyì á fi kọ́ wa. Omi yẹn náà ni. Bí ìyípo bá rọra bẹ̀rẹ̀, tí kò sì dúró, omi á dákẹ́, etí á máa purọ́ pé ọkọ̀ ń lọ tààrà. Nílẹ̀, ojú á já etí nírọ́. Nínú ìkúukùu, ojú ò rí nǹkan kan. Aago nìkan ló ń sọ òtítọ́. Ní 1954, Yunifásítì Illinois fi Bonanza, ọkọ̀ kékeré tó yára, dán ogún awakọ̀ tí kò tíì mọ aago-nìkan wò. Ọkọ̀ bọ́ mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́. Bí a bá pín àkókò náà dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 178 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta!

Ó rán mi létí John Kennedy kékeré, ọmọ Ààrẹ tí wọ́n yìnbọn pa ní 1963. Ní July 1999, Piper Saratoga ni ó ń wà lórí òkun lóru, nínú kùrukùru, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Àwọn tó wádìí rẹ̀ kò rí ohun tó bàjẹ́ lára ọkọ̀. Etí ló purọ́ fún un. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú.

Mo ní, "Mà, tèmi ní páráṣúùtù."

"Ìgbà wo lo máa fà á?"

"Tí gbogbo nǹkan bá ti pin."

Ó mi orí. Ó ní ní October 2002, ní Texas yìí, nǹkan já lára apá irú ọkọ̀ yìí. Awakọ̀ rẹ̀ fà á, ó sì yè. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń tijú, wọ́n ń ro iye tí ọkọ̀ náà jẹ́, wọ́n ń rò pé àwọn á ṣì tún un ṣe, títí ilẹ̀ fi dé. Páráṣúùtù ń fẹ́ àyè kó tó ṣí. Ẹni tó bá dúró títí gbogbo nǹkan fi pin, òun náà ti pin nìyẹn.

Kò fọwọ́ sí ìwé mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀nà ilẹ̀ ni a gbà, wákàtí mẹ́rin gbáko. Ojú ọ̀run mọ́ rekete. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tóyìn, ṣebí ẹ ò bá fò lónìí?" N kò fèsì. Mo wo dígí: ọmọkùnrin wa ti sùn lọ lẹ́yìn ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé ọmọ yìí ni mo fẹ́ fi wákàtí mẹ́rin gbé fò.

Oṣù méje ni Mà tún fi kọ́ mi kó tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn mo kọ́ fífi aago nìkan wakọ̀, mo sì yege. Títí di òní, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń padà lọ bá a kó dán mi wò. Kí n tó gbéra, mo máa ń fọwọ́ kan ọwọ́ páráṣúùtù náà, mo ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu ibi tí n óò ti fà á.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò asáré tete tí ẹ fẹ́ gbé e sọ́nà Èkó sí Ìbàdàn lọ́la, ọ̀rọ̀ yín náà ni mo ń sọ. Owó la fi ń ra aṣọ. Àkísà, wákàtí ni.