Àǹtí Fúnkẹ́, ẹ má tíì gbààwẹ̀ nítorí mi

Peckham,
London, S.E. 15.
Ọjọ́ 9, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Àǹtí Fúnkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Màmá ńkọ́? Ṣé Táíwò ti rí ilé-ìwé wọ̀? Dàpọ̀ ní kí n kí yín, ó ní kí ẹ má gbàgbé kúlíkúlí òun.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ sórí WhatsApp, títí dé ibi tí ẹ ti ń bi Ọlọ́run léèrè ohun tí ọmọ ìyá yín ṣe tí wọ́n fi fẹ́ gé e níkùn. Lẹ́tà ni mo fi ń dá yín lóhùn. Bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú Bọ̀dá Kúnlé á ti gbọ́ ọ, bí Bọ̀dá Kúnlé bá sì ti gbọ́, gbogbo Òkè-Àdó gbọ́ nìyẹn.

Ẹ ní mi ò sanra tó bẹ́ẹ̀. Àǹtí mi, ẹ ò fojú kàn mí láti ìgbà ìsìnkú Bàbá. Kìlógíráàmù 117 ni mo wọ̀n lóṣù tó kọjá, mi ò sì ga ju mítà 1.63 lọ. Wọ́n máa ń fi gíga èèyàn pín ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n á tún fi gíga yẹn kan náà pín èsì rẹ̀. Iye tó bá jáde ni wọ́n ń pè ní BMI. Tèmi jẹ́ 44. Níbí, bí ó bá ti tó 40, tàbí 35 pẹ̀lú àìsàn bí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà àdúgbò lè fi èèyàn ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ abẹ ìsanra. Fún àwa tí a ti Áfíríkà wá, wọ́n tún yọ 2.5 kúrò nínú iye yẹn, nítorí àtọ̀gbẹ kì í dúró kí a sanra tó òyìnbó kó tó wá kí wa. Èmi ní àtọ̀gbẹ, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo tún ń hanrun débi pé wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ kan tí mò ń dè mọ́ imú sùn, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi lọ́fun kí èémí mi má baà dá lóru. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe tìtorí aṣọ àǹkárá ni.

Abẹ́rẹ́ tí àwọn olówó Lẹ́kí ń gún ńkọ́, ẹ béèrè ìyẹn náà. Ó ń ṣiṣẹ́, irọ́ kọ́. Àmọ́ bí èèyàn bá dáwọ́ rẹ̀ dúró, púpọ̀ nínú ara tó ti lọ ló máa ń padà wá. Ibẹ̀ ni mo fi ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ sí.

Ẹni tí yóò mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ ni mo ti fi oríṣiríṣi ojú wò. Ẹ rántí Ṣadé tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin? Òun ló fún mi ní nọ́ńbà àjẹ́ńtì kan tó ń kó èèyàn lọ sí Istanbul. Mo kọ̀wé sí i lálẹ́. Kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀, èsì ti dé: iye owó, òtẹ́ẹ̀lì, mọ́tò tó máa wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú, àti ọjọ́ tó ṣí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìwọ̀n mi àti gíga mi nìkan ló béèrè. Mo ní ta ni dókítà tó máa ṣe é. Ó ní gbogbo dókítà àwọn ló mọṣẹ́. Mo tún un béèrè. Ó fi fọ́tò obìnrin kan ránṣẹ́, kó tó rù àti lẹ́yìn tó rù. Ó wá ní tí mo bá lè sanwó kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, àwọn á yọ díẹ̀ fún mi. Ẹ̀dínwó lórí ikùn, Àǹtí!

Kì í ṣe pé dókítà gidi kò sí ní Turkey. Wọ́n wà, ara Ṣadé fúnra rẹ̀ sì le koko. Ṣùgbọ́n ìjọba ibí ti kọ ọ́ sínú ìkìlọ̀ ìrìn-àjò wọn pé àwọn ọmọ Britain kan ti kú lẹ́yìn tí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ níbẹ̀. Ohun tó sì ń dẹ́rù bà mí jù ni pé bí ibi tí wọ́n rán bá ń jò, ó lè tó ọjọ́ díẹ̀ kí èèyàn tó mọ̀. Nígbà náà ẹni tó rán an á wà ní Istanbul, èmi á ti wà ní Peckham.

Nǹkan mìíràn tún wà. Oríṣi iṣẹ́ abẹ méjì ló wọ́pọ̀. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve, wọ́n máa gé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dànù, èyí tó bá kù á wá rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nínú bypass, wọn kò yọ nǹkan kan sọnù; apá kékeré kan lókè àpòlúkù, tí kò ju ẹyin adìẹ lọ, ni wọ́n máa yà sọ́tọ̀, wọ́n á fa ìfun wá rán mọ́ ọn, kí oúnjẹ lè fo àpòlúkù tó kù dá. Sleeve ni àjẹ́ńtì yẹn ti kọ orúkọ mi sí. Bẹ́ẹ̀ láti ìgbà oyún Dàpọ̀ ni omi kíkan ti ń rú sí mi lọ́fun lóru, sleeve sì lè mú irú rẹ̀ burú sí i. Ká ní ó bi mí léèrè ni, ì bá mọ̀.

Ọkùnrin tí mo wá fara mọ́ níbí, Mísítà ni wọ́n ń pè é. Òyìnbó ibí kì í pe oníṣẹ́ abẹ wọn ní dókítà. Onígbàjámọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà fún wọn láyé ọjọ́un, bíi tiwa gẹ́lẹ́, oyè náà kò sì kúrò lára wọn. Kí n tó lọ rí i, mo ti wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé General Medical Council, tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ó ní ìwé àṣẹ, orúkọ rẹ̀ wà láàárín àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ abẹ, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan lára rẹ̀. Ìwé mìíràn tún wà, National Bariatric Surgery Registry, tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ìsanra ń kọ iṣẹ́ wọn sí. Mo bi í bóyá òun náà ń kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìn ọjọ́ Àìkú ni mo kọ ìbéèrè mi sí. Mélòó ni ẹ ń ṣe lọ́dún? Nínú wọn, mélòó ló jò? Mélòó lẹ ní láti dá padà sórí tábìlì? Ṣé ẹ̀yin gan-an ni, àbí ọmọ ẹ̀kọ́ yín? Bí inú bá ń run mí ní agogo méjì òru, ta ni n ó pè? Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ta ni ń bi dókítà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Ìwé náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin yìí fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi, ó dáhùn wọn níkọ̀ọ̀kan, ó dárúkọ iye, kò sì fajú ro. Ó ní ewu ikú kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó tilẹ̀ kéré sí i dáadáa, ṣùgbọ́n ó wà, òun ò ní purọ́ fún mi. Ó ya àpòlúkù sórí bébà fún mi, ó ní nítorí omi kíkan yẹn, bypass ló bá mi mu. Lẹ́yìn náà ló wá ní òun ò ní fọwọ́ kàn mí lọ́dún yìí: kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi kọ́kọ́ wálẹ̀, kí n rí onímọ̀ oúnjẹ, kí n rí ẹni tó ń tọ́jú ọkàn, kí n máa lo ẹ̀rọ oorun mi lálaalẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mú un. Dókítà tó bá ń kánjú ju èmi tí ara ń ni lọ, mi ò lè fi ikùn mi lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ń rò pé orí tábìlì ni iṣẹ́ wà. Tábìlì ìjẹun ni o. Onímọ̀ oúnjẹ náà, ọmọbìnrin kékeré kan báyìí, ní kí n ka oúnjẹ mi fún òun. Mo ka á dé orí iyán, ó ní ẹ̀ẹ̀melòó ni mo máa ń jẹ ẹ́ lẹ́nu kí n tó gbé e mì. Mo ní a kì í jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ó gbé bíró sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò jẹ ẹ́ rárá?" Mo mú ọwọ́ mi, mo fi hàn án bí a ṣe ń bu òkèlè, bí a ṣe ń fi í gbé ọbẹ̀, bí ó ṣe ń lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ṣàlàyé fún mi pé ojú ibi tí wọ́n máa rán yẹn há. Òkèlè tí a kò bá jẹ kúnná lè há síbẹ̀, kí àyà máa dun èèyàn, kó sì bì í jáde. Láti ìgbà náà, ṣíbí tíì ni mo fi ń jẹun, nínú àwo kékeré. Mi ò gbọdọ̀ mumi mọ́ oúnjẹ. Ó di ìdajì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá wò mí bí mo ṣe ń jẹ àmàlà lẹ́nu! Dàpọ̀ ní kí n jọ̀ọ́, kí n má ṣe é níwájú àlejò. Mọ́ínmọ́ín ni ọmọbìnrin náà fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo kà. Ó ní ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ni n ó máa kọ́kọ́ jẹ nínú àwo, kí n tó kan ohunkóhun mìíràn, torí protein tí mo nílò lójúmọ́ yóò tó gíráàmù 60.

Bó bá wá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, oúnjẹ máa tún dín kù ju báyìí lọ: kò sí ìrẹsì, kò sí búrẹ́dì, gààrí ò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ̀dọ̀ ló fà á. Orí àpòlúkù ló dùbúlẹ̀ sí, ẹ̀dọ̀ ẹni tó sanra sì máa ń tóbi, ọ̀rá a kún inú rẹ̀. Bí èèyàn bá yẹra fún oúnjẹ oníṣúgà àti ti sítáàṣì, ẹ̀dọ̀ á lo èyí tó ti tò pa mọ́, á sún kì, wọ́n á lè gbé e sókè láì fa ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá yọjú wọ inú ikùn tí wọ́n rí i pé ó ṣì tóbi jù, wọ́n lè rán ojú egbò padà kí wọ́n ní kí n máa lọ ilé. Àǹtí, mi ò ní gbà kí búrẹ́dì dá mi padà. Nọ́ọ̀sì àtọ̀gbẹ máa dín oògùn mi kù lásìkò yẹn, kí ṣúgà má baà já wálẹ̀ jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Alábùkún ránṣẹ́ sí mi mọ́. Mo mọ̀ pé Abẹ́òkúta ló ti wá, mo mọ̀ pé Bàbá ò fi ṣeré. Aspirin ló wà nínú rẹ̀; aspirin àti ibuprofen sì lè dá egbò sí ojú ibi tí wọ́n rán lẹ́yìn bypass. Panadol nìkan ló kù fún orúnkún mi. Àgbo náà ti dúró. Dókítà tó máa kun mi lóorun ní kí n ka gbogbo ohun tí mò ń mu, mo sì kà á, títí kan àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ó tún bi mí ní genotype mi, mo ní AS.

Èyí tó kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò le: oògùn vitamin títí ayé, abẹ́rẹ́ B12 ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́dọọdún. Irun orí lè re díẹ̀ lóṣù kẹta tàbí ìkẹrin, yóò hù padà. Bí mo bá sì rù, mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ nílé: wọ́n á ní àìsàn burúkú kan ló ń ṣe mí, tàbí pé ọkọ ti lé mi. Ẹ bá mi fi wọ́n sílẹ̀.

Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ rán yín. Àwọn dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dì rí lẹ́sẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa, torí irú rẹ̀ lè pa èèyàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ rí, wọ́n lè fi kún ọjọ́ tí n ó fi máa gba abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Mo rántí pé ẹsẹ̀ òsì Bàbá wú lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún wọn. Ẹ bá mi bi Màmá ohun tí wọ́n sọ pé ó fà á. Ìwé ọsibítù náà lè wà nínú àpótí irin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, pẹ̀lú àwọn ìwé ilẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ yà á ní fọ́tò kí ẹ fi ránṣẹ́. Ọjọ́ 24 oṣù yìí ni mo máa padà lọ rí àwọn dókítà náà.

Èmi ni,
Àbúrò yín,
Tóyìn.