Bébà Inú Mọ́tò Iná: Ìtàn Kan Láti Ọwọ́ Àwọn Tí Ń Wé Kọ́ìlì

Mọ́tò iná mànàmáná ni ẹ̀rọ tí ó ń sọ agbára iná di yíyí, irú èyí tí ó wà nínú fáànù, nínú ẹ̀rọ tí ń fa omi, àti nínú ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ata. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé irin àti wáyà bàbà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń ka ohun kẹta kún, èyíinì ni ìdènà, ohun tí iná kò lè gbà kọjá, tí a fi ya wáyà àti irin nípa kí wọ́n má baà fara kanra. Ẹni tí ó kọ àkọsílẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ń wé kọ́ìlì, ìyẹn àwọn tí ń tú wáyà tí ó ti jó kúrò nínú mọ́tò tí wọ́n sì ń wé tuntun sí i. Ohun tí iṣẹ́ náà sì ti fi yé e ni pé bí ìdènà ṣe rọrùn tó láti wọ̀ sí ààyè rẹ̀ ló ń pinnu bí mọ́tò yóò ṣe pẹ́ tó, ju irú ohun tí a fi ṣe ìdènà náà lọ.

Ọwọ́ ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1825, William Sturgeon, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kun irin máágnẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní fáníìṣì, ó sì wé wáyà ìhòòhò lé e lórí, èyí tí ó sọ ọ́ di dandan kí àwọn wáyà náà jìnnà síra wọn. Joseph Henry, ní Albany ní Amẹ́ríkà, wá fi aṣọ ṣẹ́dà wọ wáyà fúnra rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe fún un láti wé e ní ìpele lórí ìpele. Michael Faraday, ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1831, fi okùn àti aṣọ òwú ya wáyà ara òrùka irin rẹ̀ nípa. Thomas Davenport, alágbẹ̀dẹ kan ní ìpínlẹ̀ Vermont, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba Amẹ́ríkà lórí mọ́tò iná ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1837, àwọn tí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sì sọ pé Emily ìyàwó rẹ̀ ló fi aṣọ ṣẹ́dà ìgbéyàwó rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ láti fi wọ wáyà náà. Orúkọ obìnrin yìí yẹ ní dídá nínú ìtàn iṣẹ́ yìí ju bí àwọn ìwé ṣe ń dá a lọ.

Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, wáyà ti kúrò lójú òde, ó ti bọ́ sínú sílọ́ọ̀tì, èyíinì ni àwọn ihò tóóró tí a gé sí ara státọ̀, apá mọ́tò tí kì í yí. Ohun èlò ìdènà tí a fi ń tẹ́ inú sílọ́ọ̀tì ń yí padà kíákíá láti ìgbà náà: òwú àti bébà tí a rì sínú fáníìṣì, máíkà, okùn gíláàsì, ike polyester fẹ́lẹ́ ní àwọn ọdún 1950, irú bébà kan tí a ń pè ní Nomex ní àwọn ọdún 1960. A wá pín wọn sí kíláàsì gẹ́gẹ́ bí ooru tí wọ́n lè fara dà lórí òṣùwọ̀n Celsius: A dé 105, B dé 130, F dé 155, H dé 180. Ní 1930, V. M. Montsinger fi hàn pé bí ooru bá ti fi nǹkan bí ìwọ̀n 8 sí 10 lé sí i, ọjọ́ ayé ìdènà a fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì.

Síbẹ̀, nínú mọ́tò jíjó tí àwọn oníṣẹ́ ń tú, àárín sílọ́ọ̀tì kọ́ ni bébà ìdènà tí a tẹ́ sínú rẹ̀ sábà ti ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹnu sílọ́ọ̀tì ni, níbi tí kọ́ìlì ti yọrí jáde tí ó sì tẹ̀ kọrọ lórí etí irin mímú. Bí a bá gé bébà ní ìwọ̀n gígùn irin gẹ́lẹ́, ó lè yọ̀ sí apá kan nígbà tí a bá ń ki wáyà bọ̀ ọ́, etí irin yóò sì hàn ní apá kejì. Ohun tí ó wá di àṣà ni kí a gé bébà náà gùn ju irin lọ, kí a sì ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì padà bí aránṣọ ti ń ṣẹ́ etí aṣọ, tí ibi tí a ṣẹ́ yóò fi jókòó sí ìta irin ní ìhà méjèèjì, tí bébà kò fi ní lè yọ̀ mọ́, tí yóò sì di ìlọ́po méjì níbi tí ewu pọ̀ sí jù. Wáyà yóò gba àárín etí bébà tí ó yọ sókè lójú ihò wọlé láì fara kan irin. Nígbà tí sílọ́ọ̀tì bá kún, a ó ká etí náà bò ó, a ó sì ti ọ̀pá pẹlẹbẹ kan bọ ojú ihò láti sé e.

Ọgbọ́n wà nínú kíká yìí. Bébà ní ìhà tí okùn inú rẹ̀ tò sí: bí a bá ká a bí okùn ṣe tò, yóò gún régé, bí a bá sì ká a dábùú okùn, ó lè sán. Nítorí pé kíká tí ó bá gígùn sílọ́ọ̀tì lọ àti ṣíṣẹ́ ẹnu rẹ̀ máa ń dábùú ara wọn, ọ̀kan gbọ́dọ̀ lòdì sí okùn bébà. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni bébà alápòpọ̀, ìyẹn bébà àti ike tí a lẹ̀ pọ̀, jẹ́ nípa èyí, nítorí pé ike fẹ́lẹ́ tí ó wà láàárín rẹ̀ kì í tètè sán.

Ní ilé iṣẹ́ ńlá, ẹ̀rọ ló ń gé bébà, tí ó ń ṣẹ́ ẹ, tí ó sì ń kì í bọ ihò. Nínú àwọn mọ́tò kéékèèké kan, ike tí a dà sí ìrísí eyín irin, ìyẹn irin tí ó wà láàárín sílọ́ọ̀tì méjì, ti gba ipò bébà: apá kan wọ̀ ọ́ láti òkè, èkejì láti ìsàlẹ̀, wọ́n há mọ́ ọn láìlo gọ́ọ̀mù, a ó sì wé wáyà lé e lórí. Iṣẹ́ tó dára ni fún ẹni tí ń to mọ́tò tuntun, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́la kò sí nínú èrò àwọn tí wọ́n yàwòrán rẹ̀, nítorí pé bí ike náà bá yọ́, ó ṣòro láti rí èyí tí a lè rà láti fi dípò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá gan-an, níbi tí mọ́tò jíjó ti ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń wé kọ́ìlì, tí iná tí kò lágbára tó sì ń mú kí mọ́tò tí ẹrù wà lọ́rùn rẹ̀ máa fa iná jù, kí ó sì máa gbóná. Bébà àtijọ́ tí a tú jáde ni ọmọ iṣẹ́ fi ń wọn tuntun. Bí ó bá ti jó di eérú, ojú ọ̀gá ló kù. Ó yẹ kí àwọn tí ń ṣe mọ́tò máa ta ìdènà rẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n sì tẹ ìwọ̀n rẹ̀ jáde. Kí àwọn ọ̀gá náà jọ̀wọ́ kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní ṣíṣẹ́ ẹnu bébà kí wọ́n tó kọ́ ọ ní wíwé wáyà, kí wọ́n má ṣe gbà kí ó fi páálí dípò bébà, kí wọ́n sì rí i pé a fi ẹ̀rọ ìdánwò wo mọ́tò náà bóyá iná ń bọ́ sára irin, kí a tó da fáníìṣì lé e.