Ìdárayá Pẹ̀lú Jẹ́ Oògùn

Àwọn àgbà a máa wí pé ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹni tí ó ní owó tí kò ní ìlera dà bí ẹni tí ó kọ́lé tí kò rí oorun sùn nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ti Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wá, àti ẹ̀yin ọmọ Ghana tí ẹ jẹ́ onílé, mo bẹ̀ yín kí ẹ fi etí sí ọ̀rọ̀ kékeré yìí lórí ìdárayá.

Ní ayé àwọn baba wa, kò sí ẹni tí ń wá ìdárayá kiri. Ọkọ́ àti àdá, odó gígún, omi pípọn àti ìrìn oko ti tó wọn. Ṣùgbọ́n ní ìlú ńlá bí Accra yìí, jíjókòó ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Dókítà Jerry Morris ṣe ìwádìí láàrin àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London, ó sì gbé e jáde ní ọdún 1953. Ó rí i pé àrùn ọkàn ń mú àwọn awakọ̀, tí wọ́n ń jókòó, ju àwọn agbowó-ọkọ̀ tí ń gun àtẹ̀gùn sókè sódò lọ. Láti ìgbà náà wá, ìwádìí púpọ̀ ti fi hàn pé ìdárayá a máa mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, a máa ran alátọ̀gbẹ lọ́wọ́, a sì máa mú ọkàn tí ó rẹ̀wẹ̀sì fúyẹ́.

Oògùn ní ìwọ̀n. Ìdárayá pẹ̀lú ní ìwọ̀n. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ pé kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, bí ẹni tí ń rìn kánmọ́kánmọ́, kí ọmọdé sì máa ṣe é fún wákàtí kan lójúmọ́. Àwọn ẹgbẹ́ keep-fit tí ń sáré lójú títì Accra ní òwúrọ̀ Sátidé, tí wọ́n ń kọrin jama, ti mọ èyí.

Àwọn kan a máa bẹ̀rù yoga, nítorí pé inú ìsìn àwọn ará Íńdíà ni ó ti wá. Òtítọ́ ni. Ní Accra yìí pàápàá, Swami Ghanananda Saraswati, ọmọ Ghana, dá ilé ìsìn Híńdù sílẹ̀ ní ọdún 1975. Ṣùgbọ́n nína ara àti mímí jẹ́jẹ́ kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹlẹ́sìn mìíràn. Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ oníṣègùn American College of Physicians ka yoga àti ìdárayá mọ́ ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ dán wò fún ẹ̀yìn dídùn tí kò lọ bọ̀rọ̀, kí a tó nawọ́ sí oògùn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gba yoga, kí ó máa rìn.

Síbẹ̀, oògùn kan kì í fi dandan lé òmíràn jáde. Ìyá mi ń ta aṣọ ní ọjà Makola, orí ìjókòó ni wọ́n sì ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ru, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà láti ilé wa ní Accra New Town, àdúgbò tí à ń pè ní Lagos Town nígbà kan rí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ara wọn yá gágá. Ni aládùúgbò kan bá ní kí wọ́n da oògùn nù.

Wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé oògùn yìí ni n ó máa gbé mì títí n ó fi kú?"

Mo dáhùn pé, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ẹ rántí ẹ̀gbọ́n yín tí ó dá tirẹ̀ dúró nítorí pé ara rẹ̀ yá, tí rọpárọsẹ̀ sì dá a dùbúlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi dókítà."

Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ náà. Ó ti wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì wálẹ̀ tó. Ìyá mi ń rìn títí di òní, wọ́n sì ń lo oògùn wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, bí ìdánwò bá ti sún mọ́lé, àkókò ìdárayá ni a máa ń kọ́kọ́ gbà fún ìṣirò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì yín. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tí a bá kọ́ láti máa lo ara rẹ̀ lónìí kò ní dúró de ọjọ́ tí dókítà yóò kọ ọ́ sínú ìwé fún un.